Ìyá Àgbà Kan ní Llanystumdwy

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan ni mo gbé wá sí etígbọ̀ọ́ yín lónìí. Jan Morris ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Wales ló fi ṣe ibùgbé, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Llanystumdwy, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí òkè ńláńlá ti sún mọ́ etí òkun. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2020 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 94. Òǹkọ̀wé ni. Ìwé tó kọ lé ní 40, ìlú tó fẹsẹ̀ tẹ̀ láyé kò sì ṣeé kà tán.

Jan Morris jẹ́ ẹni tí ayé òde òní ń pè ní transgender. Nígbà tí wọ́n bí i, ọmọkùnrin ni agbẹ̀bí pè é, James sì ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ ara rẹ̀ sí obìnrin. Nígbà tó dàgbà, ó gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, ó yí orúkọ padà, ó sì gbé ayé bí obìnrin títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìgbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá dá ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń sáré lọ bá. Wọ́n á bi í nípa ọ̀bẹ, nípa oògùn, nípa ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìyẹn tán, wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ. Ọdún 1972 ni Jan Morris ṣe iṣẹ́ abẹ tirẹ̀. Ọdún 48 ló lò láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 48 yẹn ló ń wu èmi láti wò: bí ó ṣe ń jí, ohun tó ń gbà á lọ́kàn, ẹni tó bá a jókòó nídìí oúnjẹ, bí ó ṣe di arúgbó. Mo gbà tọkàntọkàn pé ibẹ̀ ni ìgbésí ayé rẹ̀ wà, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kan.

Ilé tó ń gbé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trefan Morys, ilé ẹṣin ni nígbà kan rí. Ilé ńlá kan wà nítòsí ibẹ̀ tí òun àti ìdílé rẹ̀ kọ́kọ́ gbé. Nígbà tó yá, wọ́n fi ilé ńlá sílẹ̀, wọ́n tún ibùso ẹṣin rẹ̀ ṣe, wọ́n sì kó síbẹ̀. Òkúta ni ògiri rẹ̀. Ìwé kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí wọ́n gbẹ́, nítorí ìyá yìí fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi bí nǹkan míì. Lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, òtútù ìbáà mú, yóò jáde sójú ọ̀nà láti rin ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ kan gbáko. Bí ó ti ń lọ, a máa fọn ìfé orin àwọn ológun. Ọmọ ogun ni nígbà èwe, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí Ítálì àti Palẹ́sítínì nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yan.

Lẹ́yìn ìrìn, iṣẹ́ ló kàn. Nígbà tó ti di ẹni 90 ọdún, ó dáwọ́ lé ohun tí kò ṣe rí: ó pinnu láti máa kọ èrò kan sílẹ̀ lójoojúmọ́, bí èrò náà ti wù kó kéré tó. Ìwé méjì ló ti inú iṣẹ́ yìí jáde, In My Mind's Eye ní ọdún 2018 àti Thinking Again ní ọdún 2020. Ẹ wo irú nǹkan tó ń kọ. Lónìí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà, tàbí ti ìbò tí Bìrìtìkó fi kúrò nínú àjọṣepọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Lọ́la, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko tí wọ́n há mọ́ inú ọgbà kí ènìyàn lè wá máa wò wọ́n. Ó ń kọ nípa ìrántí ìlú tó ti rìn dé, nípa ojú ọjọ́, nípa egungun tó ń ro ó, nípa bí ayé ṣe ń sú àgbà nígbà mìíràn tí inú rẹ̀ á tún dùn láìnídìí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ó ṣọ̀wọ́n kó tó mẹ́nu kàn án. Ó sọ fún àwọn oníròyìn tó wá kí i ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn pé òun kò fìgbà kan rí kà á sí bàbàrà tó bí àwọn ènìyàn ṣe kà á sí, pé ọ̀rọ̀ ọkàn àti ẹ̀mí ló jẹ òun lógún ju ti ara lọ.

Inúure ni ọ̀rọ̀ tó máa ń padà sí. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tún ń sọ ọ́ lọ́jọ́ ogbó: kò sí ìlànà ìṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn tó ga ju kí ènìyàn ṣe inúure sí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo arúgbó ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n inúure yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nínú ilé tirẹ̀, nítorí nínú yàrá tó kángun sí ibi tó ti ń kọ̀wé, ẹnì kan wà tó ń dán an wò lójoojúmọ́.

Elizabeth lorúkọ ẹni náà. Ọdún 1949 ni wọ́n fẹ́ ara wọn. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin, kú ní ìkókó. Lọ́jọ́ ogbó, àìsàn ìgbàgbé tó máa ń bá àwọn arúgbó jà kọ lu Elizabeth. Jan, tí òun náà ti lé ní 90, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá irú àìsàn yìí gbé yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, àwo tí a gbé síbi tí kò yẹ, ìjà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Jan kò fi bò. Ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé sùúrù òun a máa tán, pé ọ̀rọ̀ líle a máa jáde lẹ́nu òun, pé òun a sì wá kábàámọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ojú ewé yẹn ló níye lórí jù nínú ohun gbogbo tó kọ. Òǹkọ̀wé tó ti ṣàpèjúwe ìlú Venice, Hong Kong, New York àti Sydney fún gbogbo ayé, ó wá ń ṣàpèjúwe tábìlì oúnjẹ tí arúgbó méjì jókòó sí, ó sì rí ayé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe dé ìdí tábìlì yẹn, nítorí ọ̀nà náà jìn.

Clevedon, ìlú etí òkun kan ní Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1926. Ọmọ Wales ni bàbá, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá. Ó sọ pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lábẹ́ dùùrù ìyá òun ni òun jókòó sí, tí ìyá òun ń lù ú, nígbà tó hàn sí òun kedere pé ọmọbìnrin ló yẹ kí òun jẹ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Oxford. Níbẹ̀, bí àwọn àgbà bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún àdúrà, ọmọ yìí á máa bẹ Ọlọ́run lọ́kàn rẹ̀ pé kí Ó sọ òun di ọmọbìnrin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ fún ní ọdún 1936?

Ẹni tó bá mọ ìtàn Òkè Everest ti gbọ́ orúkọ Edmund Hillary àti Tenzing Norgay, àwọn tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè náà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1953. Akọ̀ròyìn kan wà tó bá ẹgbẹ́ wọn gòkè, ti ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni, nígbà tó ṣì ń jẹ́ James, lẹ́ni ọdún 26. Kò gun irú òkè bẹ́ẹ̀ rí kó tó lọ, síbẹ̀ ó bá wọn gun yìnyín dé ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 20,000 lọ. Ní ọjọ́ kejì, Hillary àti Tenzing sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn tó ń dúró dè wọ́n, ariwo ayọ̀ sọ. James mọ̀ pé àwọn akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣọ́ ọ̀nà nísàlẹ̀, pé ẹni tí ìròyìn náà bá kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́wọ́ ló ni ín. Kò dúró jẹun. Òun àti Michael Westmacott, ọ̀kan nínú àwọn agunkè náà, gba ojú yìnyín tó ń yọ́, tó ń là, lọ sísàlẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó rán ìránṣẹ́ kan kó sáré mú ìwé lọ sí Namche Bazaar, níbi tí ẹ̀rọ rédíò àwọn ará Íńdíà wà.

Ohun tó wà nínú ìwé náà bani lọ́kàn jẹ́ fún ẹni tó bá kà á láìmọ̀dí: pé yìnyín kò dára, pé wọ́n ti fi ibùdó iwájú sílẹ̀ lánàá, pé wọ́n ń retí kí nǹkan sàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bá Lọ́ńdọ̀nù dì í tẹ́lẹ̀. Yìnyín tí kò dára dúró fún pé a ti dé orí òkè. Ibùdó tí wọ́n fi sílẹ̀ dúró fún Hillary, ìrètí kí nǹkan sàn sì dúró fún Tenzing. Bí ìròyìn náà ṣe gba àárín àwọn elétí ọfẹ kọjá nìyẹn láìsí ẹni tó fura. Ó jáde nínú The Times ní àárọ̀ ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, ọjọ́ gan-an tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé.

Gbogbo ayé ń yin ọ̀dọ́mọkùnrin akíkanjú yìí, ó sì wà nínú ara tí ọkàn rẹ̀ kò gbà fún un. Kò purọ́ mọ́ ọn, ẹ ṣàkíyèsí o. Nígbà tó wá kọ ìtàn ara rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun gbádùn agbára tó wà nínú ara ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí òkè, bí iṣan ṣe ń jẹ́ ìpè. Ó lè dùn mọ́ ènìyàn, kó má sì jẹ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ràn òtítọ́ yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìtàn ni ì bá ti fi ìyà nìkan kún ibẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti Everest, ní ọdún 1956, òun ló fi ìròyìn ránṣẹ́ láti Kípírọ́ọ̀sì sí ìwé ìròyìn Manchester Guardian pé àwọn awakọ̀ òfurufú Faransé ti ń ran Ísírẹ́lì lọ́wọ́ nínú ogun Súẹ́sì. Ìròyìn yẹn kó ìtìjú bá àwọn ìjọba tó ń sẹ́. Ó tún lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwé ńlá mẹ́ta nípa bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ayé tó sì pàdánù rẹ̀, Pax Britannica àti àwọn ìkejì rẹ̀, láti ọdún 1968 dé 1978. Ìjọba náà ló gba Èkó ní ọdún 1861, nítorí náà a ní ẹ̀tọ́ láti dá sí i: mo rò pé ó fi ojú àánú wo àwọn amúnisìn jù. Ẹwà aṣọ wọn, ìró fèrè wọn, ó wọ̀ ọ́ lójú ju ìrora àwọn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé tí a fẹ́ràn kò ní kí a má sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé Elizabeth mọ̀? Ó mọ̀. James sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un, kò fi pamọ́. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bímọ, wọ́n sì jọ ń gbé ọ̀rọ̀ náà. James lọ bá Dókítà Harry Benjamin ní New York, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn àkọ́kọ́ tó fi ọ̀wọ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, tó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1966. Láàárín àwọn ọdún 1960, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo họ́mónù obìnrin. Nígbà tó kan iṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà Bìrìtìkó ní àfi kí òun àti Elizabeth kọ ara wọn sílẹ̀ ná. Ó kọ̀. Ní ọdún 1972, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Casablanca ní Mòrókò, sọ́dọ̀ Dókítà Georges Burou.

Kí ẹ lè mọ ohun tí òfin ń ṣe nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba obìnrin mìíràn, April Ashley, tí wọ́n bí ní Liverpool ní ọdún 1935. Ọ̀dọ̀ Dókítà Burou kan náà ló lọ ní ọdún 1960. Ó ṣiṣẹ́ bí aláfihàn aṣọ, ó sì ṣègbéyàwó. Nígbà tí ìgbéyàwó náà dé ilé ẹjọ́, adájọ́ sọ ní ọdún 1970 pé ohun tí wọ́n bí ènìyàn ní ni òfin mọ̀, pé ọkùnrin ni April Ashley, nítorí náà kò sí ìgbéyàwó kankan. Fún ọdún 34, ìdájọ́ yẹn ló ń darí gbogbo obìnrin bí tirẹ̀ ní Bìrìtìkó: orúkọ yóò yí, aṣọ yóò yí, ìwé ìbí kò ní yí. Ọdún 2004 ni Ilé Aṣòfin ṣe òfin tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ìbí tuntun. April Ashley ti ń sún mọ́ 70 nígbà náà. Ó tún wà láyé títí di ìparí ọdún 2021, ó sì gba oyè lọ́wọ́ ìjọba ní ọdún 2012 fún iṣẹ́ tó ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Fún Jan àti Elizabeth, òfin fi ipá ya wọ́n lórí ìwé. Wọ́n wá kọ ara wọn sílẹ̀ níkẹyìn nítorí pé obìnrin méjì kò lè jẹ́ tọkọtaya nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tán, wọ́n padà sí ilé kan náà. Wọ́n ń bá ayé wọn lọ. Àwọn ọmọ ń dàgbà, ìwé ń jáde, Jan ń rìnrìn àjò, Elizabeth ń tọ́jú ọgbà. Nígbà tí òfin wá gbà kí obìnrin méjì lè so àjọgbé wọn pọ̀ níwájú ìjọba, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ìlú Pwllheli nítòsí wọn. Oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni. Tọkọtaya àdúgbò kan ló ṣe ẹlẹ́rìí wọn, wọ́n sì pè wọ́n wá mu tíì lẹ́yìn rẹ̀. Elizabeth sọ fún oníròyìn kan pé òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọdún 59 sẹ́yìn, ẹ̀jẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ òun. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó, láti ẹnu pásítọ̀ àti láti ẹnu àlùfáà, n kò tíì rí èyí tó tó o.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí Jan kọ ní ọdún 1974, Conundrum, nínú èyí tó ti sọ ìtàn ìyípadà rẹ̀. Ìwé náà tà káàkiri ayé. Lẹ́tà wọlé láti ibi gbogbo lọ́dọ̀ àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló wà bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé obìnrin kan nà án ní pàṣán ọ̀rọ̀, Rebecca West àti Nora Ephron wà lára wọn. Ẹ̀sùn wọn ni pé obìnrin tó ń ṣàpèjúwe yẹn, obìnrin tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún, tí wọ́n ń bá gbé àpótí, kì í ṣe obìnrin tí àwọn mọ̀. Apá kan nínú ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Jan fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àwọn ọkùnrin ṣe ń rò pé òun kò lè fi mọ́tò rìn sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni òun ń rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ. Ohun tí ayé bá ń retí lọ́wọ́ obìnrin lójoojúmọ́ a máa wọ inú egungun rẹ̀, Jan sì rí i nítorí pé ó ti gbé ní ìhà kejì rí. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni pé nígbà tó di ìyá arúgbó, mọ́tò tó ń wà ni Honda Civic Type R, èyí tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ná owó lé lórí nítorí eré sísá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Obìnrin tí Rebecca West bínú sí ní ọdún 1974 kò dúró sójú kan. Ó dàgbà, ó sì kọ́ bí òun yóò ṣe jẹ́ obìnrin lọ́nà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo obìnrin ṣe ń kọ́ ọ.

N kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí gbogbo irú wọn ṣe ń darúgbó nìyí. Jan kàwé, ó lówó lọ́wọ́, ó ní orúkọ, ó ní Elizabeth. Ọ̀pọ̀ ni kò ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Ajẹntínà, àwọn obìnrin transgender tó ti dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán àti lẹ́tà ara wọn jọ ní ọdún 2012, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó wà nínú àwòrán wọ̀nyẹn ti kú tán léwe, lọ́wọ́ ọlọ́pàá, lọ́wọ́ àrùn, lọ́wọ́ ìṣẹ́. Ní Úrúgúwè, wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 2018 tó ń san owó oṣù ìtanràn fún àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìparí ọdún 1975, tí àwọn agbófinró ti mọ́lé rí nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin yẹn ń sọ: ìjọba gbà pé òun jẹ àwọn àgbà wọ̀nyí ní gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń gbọ́ wa fetí sí i. Iṣẹ́ abẹ tí obìnrin transgender máa ń ṣe kì í sábà yọ ẹ̀yà ara ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní prostate kúrò, nítorí náà arúgbó lè wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìyá, kó sì nílò kí dókítà yẹ ẹ̀yà ara yẹn wò. Bí ìtìjú tàbí ẹ̀gàn bá dí i lẹ́nu, àrùn yóò ti rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀. Họ́mónù tí wọ́n ń gbé mì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ewu náà sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ti ń ga. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara tàbí tí wọ́n ń fi pa á ní ewu tó kéré sí i, òun ni àwọn dókítà sì sábà máa ń yàn fún àwọn àgbà. Èyí tó ń ba àwọn arúgbó wọ̀nyí lẹ́rù jù ni ọjọ́ tí ọwọ́ wọn kò ní gbé nǹkan mọ́, tí àjèjì yóò máa wẹ̀ wọ́n, tí yóò máa wọṣọ fún wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹni náà má baà kígbe, kó má baà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù yẹn ń mú kí ẹlòmíràn fi àìsàn pamọ́ sílé títí ó fi pẹ́ jù. Ẹnikẹ́ni tó bá fi iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ṣe iṣẹ́ mọ ohun tó yẹ kó ṣe síbẹ̀: omi gbígbóná, ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ẹnu dídákẹ́.

Jan kò bẹ̀rù ikú púpọ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn. Òun àti Elizabeth ti ṣètò tiwọn. Wọ́n ti gbẹ́ òkúta ibojì wọn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì gbé e pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn nínú ilé. Èdè Wales àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i, pé ọ̀rẹ́ méjì ló wà níbí, Jan àti Elizabeth Morris, ní òpin ìgbésí ayé kan ṣoṣo. Erékùṣù kékeré kan nínú odò Dwyfor, tó ń ṣàn kọjá nítòsí ilé wọn, ni wọ́n yàn fún ìsinmi wọn. Jan tún ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí òun bá kú, ohun tí ìwé ìròyìn yóò fi ṣe àkọlé ni pé òǹkọ̀wé tó yí padà di obìnrin ti kú. Twm Morys ọmọ rẹ̀, akéwì ní èdè Wales, ló kéde ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì kọ gẹ́lẹ́ ohun tó sọ pé wọ́n máa kọ.

Ìwé kan tún jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, Allegorizings, ní ọdún 2021. Ó ti kọ ọ́ tipẹ́, ó sì gbé e fún àwọn atẹ̀wé pé kí wọ́n fi í pamọ́ di ìgbà tí òun bá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ ìyá yìí, ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi Conundrum bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn máa tọ́ka yín sí. Ẹ kọ́kọ́ ka Thinking Again. Ẹ ka ojú ewé mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, kí ẹ mọ bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń bínú, bí ó ṣe ń bẹ Elizabeth, kó tó di pé ẹ bi í léèrè nípa ọdún 1972. Yóò dá yín lóhùn nígbà náà, ẹ ó sì ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.